Ta Ló Wá Pe Ìyá Wa?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹyin lohùn. Bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Àwa tíṣà la máa ń kọ òwe yìí sára pátákó, a ó ní kí àwọn ọmọ iléèwé dà á kọ nígbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọdún 34 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òwe náà tó yé mi dáadáa. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni, ní ọdún 2019, ní abúlé àwọn Ègùn kan létí ọ̀sà, kò jìnnà púpọ̀ sí Ìjaníkin níhìn-ín. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa nawọ́ sí wọn.

Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì méjì la jọ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ èjìká, èmi mú ìwé àti bírò dání, torí iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa pe àwọn ìyá jáde, kí n sì máa kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. A pariwo títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ọmọ mẹ́ta péré la rí. Àwọn tó kù, bí wọ́n bá ti gbúròó wa, wọ́n á sá wọnú ilé pákó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ń pa mí, ẹsẹ̀ mi ti wọ ẹrọ̀fọ̀, mo sì rántí àbúrò mi. Inú bá bí mi. Mo dúró síwájú obìnrin kan tó ń yan ẹja nídìí ààrò, mo ní:

"Ẹ̀yin Ègùn yìí, ṣé ẹ ò fẹ́ràn àwọn ọmọ yín ni?"

Obìnrin náà kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí ẹja mẹ́rin márùn-ún padà lórí iná, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wá gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni mo tó dá a mọ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ni! Obìnrin tó ń gbé ẹja yíyan wá sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọọjọ́ Sátidé láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ìyá Tíṣà," ló wí, "ẹ ti ń ra ẹja lọ́wọ́ mi, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó ni mo bí?"

Mi ò mọ̀. Mo mọ iye tó ń ta ẹja, mo mọ bí mo ṣe ń ná an títí tí yóò fi já a wálẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá ọmọ kan ló bí, bóyá mẹ́wàá ni, mi ò mọ̀. Ó yí ojú padà sídìí iná rẹ̀. Àwa náà kó kúlà wa, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a padà sílé.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa lè máa bi ara rẹ̀ pé irú ibo nìyẹn. Ojú títì Èkó sí Àgbádárìgì ni Ìjaníkin wà, bí ènìyàn bá ti kọjá Ìyànà Ìbà àti Òkókómáíkò, tí kò sì tíì dé Àgbárá. Àwọn tí ń kọjá nínú dáńfó mọ̀ wá nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, àti nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi sọrí Adéníran Ògúnsànyà, èyí tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní ọdún 2022. Àwa Àwórì la ni ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lójú títì tó sì doríkọ ìhà omi yóò rí i pé ayé mìíràn wà níbẹ̀. Àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tí ń pẹja ni wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, nínú ilé pákó àti ilé páànù.

Àwọn Ègùn kì í ṣe àlejò o. Láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, etí ọ̀sà yìí ni ilé wọn kí òyìnbó tó fa ìlà, tó ní apá kan jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì jẹ́ ti Faransé. Èdè wọn bá ti àwọn Fọ̀n àti àwọn Ewe tan. Síbẹ̀, nílé tiwa, bí ọmọ kékeré bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yéni, mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà rẹ́rìn-ín pé, "Ègùn lèyí ń sọ." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. A ń jẹ ẹja wọn, a kì í gbọ́ èdè wọn.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ná, torí pé kì í ṣe owó. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ọdún 1966 ni wọ́n bí i, mo ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ẹ̀yìn mi ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Ní 1968, lẹ́yìn tó ti ń sáré kiri àgbàlá, ibà kan mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ibà náà lò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá wa gbé e dúró, ẹsẹ̀ òsì kò gbé e. Ìyá wa tún gbé e dúró, ó tún wó lulẹ̀. Ó rò pé eré ló ń ṣe, ó gbá a nídìí. Títí ìyá wa fi kú, ìgbájú ìdí yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n fi òróró ra ẹsẹ̀ náà, wọ́n sín gbẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Èkó. Dókítà ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni, pé ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà, tí mo wá kà nínú ìwé nígbà tí mo dàgbà, ni pé oògùn tó lè dènà rẹ̀ ti wà láyé. Ti Jonas Salk, tó jẹ́ abẹ́rẹ́, ti jáde ní 1955. Ti Albert Sabin, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Oògùn wà, kò dé Ìjaníkin ni. Ọdún 1979 ni orílẹ̀-èdè wa tó gbé ètò àjẹsára kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ jòjòló. Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì ti di ọ̀gá nínú ọ̀pá rírìn.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí inú fi tètè bí mi lọ́jọ́ náà? Mo rí ọmọ tó ń sá wọlé lórí ẹsẹ̀ méjì tó pé, mo rí oògùn nínú kúlà, mo sì rí ìyá tó jókòó sídìí ẹja.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní Òkókómáíkò, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Mo rojọ́ fún un, mo rò pé yóò bá mi dá wọn lẹ́bi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé irin tó fi ń jó òjé sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ní 1968, ta ló wá pe ìyá wa?"

Mo ní kò sẹ́ni tó wá.

"Ó dáa. Ká ní ẹnì kan wá ńkọ́? Ká ní obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọ àgbàlá wa, tó ń fi Ègùn pariwo, tó ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún mi, tí ìyá wa kò sì tètè dáhùn, tí obìnrin náà wá ní, 'Ẹ̀yin Àwórì yìí, ẹ ò fẹ́ràn ọmọ yín.' Ṣé ìyá wa á gbé mi jáde?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Mo mọ ìyá wa. Omi ìfọṣọ ló máa dà sí obìnrin náà lára.

"Ẹ padà lọ tọrọ àforíjì," ni àbúrò mi wí, ó sì gbé irin rẹ̀.

Ó yẹ kí n lọ lọ́jọ́ kejì. Ojú ń tì mí. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sátidé pé, Ìyá Ẹlẹ́ja kò wá. Mo ní inú ló ń bí i. Sátidé kejì pé, kò wá. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Sátidé kẹta, ọmọdébìnrin kan gbé igbá ẹja dé ẹnu ọ̀nà mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ìyá òun ló ní kí òun gbé e wá. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ dà. Ó ní wọ́n wà nílé, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Èéyi wọ abúlé wọn, ọmọ púpọ̀ ló mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ ọdún méjì, kò là á.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa ọmọ náà. Èéyi ló pa á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, abẹ́rẹ́ èéyi wà nínú kúlà wa, ọmọ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó, ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ mi wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú nǹkan tí èéyi jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa lóde òní kò rí i rí, a sì rò pé eré ni. Àwọn kan ń pè é ní igbóná. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bí ọmọ tó ní in bá wúkọ́ nínú yàrá, tó sì jáde, àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà fún wákàtí méjì. Láàárín àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́, ẹnì kan lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18. Bí ọmọ kò bá jẹun kánú, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó kéré tán 95 gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kí èéyi tó lè dúró síta. Ẹ sì rántí pé ọmọ kì í gba ti èéyi ní orílẹ̀-èdè wa kí ó tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìkókó tó wà lẹ́yìn yín nínú ilé alájà mẹ́ta, àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ti gbà á ló ń dáàbò bò ó. Ẹja tí ẹ ń rà ń ti etí omi wá, ọmọ ẹlẹ́ja sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri kan náà ló yí gbogbo wa ká. Bí a bá fi ihò sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, a kò tíì ti ilé wa.

Mo gbéra. Mi ò pe nọ́ọ̀sì kankan. Àbúrò mi ní òun á bá mi lọ. Wọ́n gbé e sọ́kọ̀, wọ́n gbé ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé e. A kò mú abẹ́rẹ́ dání, a kò mú ìwé dání. A lọ kí aláìsí ọmọ ni. Nígbà tí a dé, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ja níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ó wò mí pẹ́. Ó ní mẹ́fà, mẹ́rin ló kù, ó sì dárúkọ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá dárúkọ ọmọ-ọmọ tó lọ náà. Orúkọ náà wà nínú ìwé mi, kò ní jáde síbí.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún àbúrò mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó rọ náà síwájú. Kò wàásù. Àwọn ọmọdé rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń wo ẹsẹ̀. Ọ̀kan fọwọ́ kàn án. Ìyá ọmọ náà pariwo mọ́ ọn, àbúrò mi ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi kò rí ẹni tó pè é ni."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé n óò gbọ́ nípa ẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń ba ilé ọmọ jẹ́, ìtàn tó ti ìhà Kánò rìn wá. Kì í ṣe pé àwọn ará Kánò kàn yà wèrè o. Ní 1996, nígbà tí àrùn ọpọlọ ń pa ọmọ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́, wọ́n sì bá ìjọba Kánò parí ẹjọ́ ní 2009 pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, a sá. Ní 2003 Kánò ní àwọn kò gba oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mọ́, ó di 2004 kí wọ́n tó tún gbà á. Kí ó tó di ìgbà náà, àrùn ọ̀hún ti rìn láti ìhà ibẹ̀ lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Trovan kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rárá, ṣùgbọ́n ta ló jókòó ti àwọn ìyá láti ṣàlàyé ìyàtọ̀?

Síbẹ̀, ẹ̀rù kọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja ní ọmọ òun, ìyá ọmọ tó kú, ti gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ rí. Ó san owó ọkọ̀ omi, ó san owó ọ̀kadà, ó dé ilé ìwòsàn kan lójú títì, ọjọ́ ti lọ díẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó wà nílẹ̀ kò tó láti ṣí ìgò, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó padà lọ. Ní ọjọ́ kejì tó lọ yìí, obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì fọwọ́ dí imú, ó ní òórùn ẹja ti gba ibi gbogbo. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà sọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ti ìgò yìí, ó ní ìdí. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan sábà máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Ìyókù di dídànù. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣí i fún ọmọ méjì ń dá mẹ́jọ nù. Ṣùgbọ́n ta ló sọ èyí fún ọmọbìnrin náà? Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun kò tó ohun tí wọ́n ń ṣí ìgò fún.

Àwọn yòókù náà sọ tiwọn. Agbohùnsókè tó máa ń kọjá lójú omi, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ la máa ń dé, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ti gbé ẹja lọ sọ́jà láti ìdájí, àwọn bàbá wà lójú omi. Àwọn ọmọdé àti arúgbó tí kò lè dá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló kù nílé. Àwọn tó ń sá wọlé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ fún pé kí ó má jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun ni. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ń kọ́ àwọn ọmọ tiwa náà?

Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá ribiti kan hàn wá. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, Sakpata, ẹni tí ẹ̀yin Yorùbá ń pè ní Olóde torí ẹ̀ ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀, máa ń sọ abúlé dahoro. Ó ní àwọn kan wá, wọ́n tò wọ́n, wọ́n ṣe èyí sí wọn lápá, Sakpata kò sì padà wá mọ́. Èmi náà ká apá aṣọ mi sókè. Àpá kan náà ni, ibì kan náà ló wà. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. 1970 ni Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tí ṣọ̀pọ̀ná mú. Ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ọmọ Àwórì àti ọmọ Ègùn, abẹ́rẹ́ kan náà ló pa wá pọ̀, tí a sì ti gbàgbé.

Bàbá náà ní, "Nígbà yẹn, wọ́n kọ́kọ́ wá rí bàbá mi."

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo nílò nìyẹn. A bi wọ́n pé ọjọ́ wo ló rọrùn, aago mélòó, ta ni kó máa kéde. Wọ́n ní kó jẹ́ ọjọ́ tí kò sí ọjà, lẹ́yìn aago mẹ́rin, nígbà tí ọkọ̀ apẹja ti wọlé. Wọ́n ní ọmọbìnrin Ìyá Ẹlẹ́ja, èyí tó gbé ẹja wá fún mi, ti ka ìwé mẹ́wàá. Òun ni kó máa kọ orúkọ. Mo gbé ìwé àti bírò mi lé e lọ́wọ́. Mo lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n gbà, wọ́n sì kó yìnyín tó pọ̀ sínú kúlà kí oògùn má bàa gbóná lójú omi.

Kí ọjọ́ tó pé, a jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́ méjì, ọmọbìnrin náà ń túmọ̀. Wọ́n bi mí pé báwo ni abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní ẹ wo ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò. Olè tí kò rí rí lè bá a ṣeré kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi àwòrán olè náà hàn án, lọ́jọ́ tí olè bá yọjú, ó ti fèrè. Abẹ́rẹ́ ni àwòrán yẹn. Ọlọ́dẹ ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́, apá lè wú. Ọlọ́dẹ ló ń wo àwòrán.

Wọ́n tún bi mí pé ṣé ti òyìnbó nìkan kọ́ ni oògùn yìí. Mo sọ ti ibà pọ́njú fún wọn. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ilẹ̀ àwọn Ewe ní Gánà òde òní. Ibà náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò pa á. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà, kó ibà ọ̀hún ní Èkó, ó sì kú lọ́dún yẹn kan náà. Láti inú ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Òun náà ni ayé ṣì ń gbà títí dòní. Nígbà tí ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ará wa ló ni ín nígbà náà. Ẹ gbé e bọ̀ wálé."

Lọ́jọ́ tí a dá, ìwé kún, a ya ewé mìíràn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló gbà o. Ilé mẹ́ta kò ṣílẹ̀kùn, a sì kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, a kọjá. Méjì ṣí i nígbà tí a tún padà wá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba káàdì. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá níbí ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìhà Iléṣà ní àwọn ọdún 1950, ti fi hàn pé ìyá ló yẹ kí káàdì ìlera ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìyá abúlé tí kò mọ̀wé pàápàá lè pa á mọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja di ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó fi há òrùlé níbi tí omi kò lè dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi nígbà tí rédíò tó ń tún ṣe sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ní 2012, ó ju ìdajì àwọn tí àrùn náà mú láyé lọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àbúrò mi yí ohùn rédíò sókè. Ó ní, "Ẹgbẹ́ tí mo wà yìí, òun nìkan ni mo gbàdúrà pé kó má ní ọmọ ẹgbẹ́ tuntun." Ṣùgbọ́n kí a má tíì káwọ́ gbera o. Irú rẹ̀ mìíràn tó máa ń yọjú níbi tí àwọn ọmọ kò ti gba oògùn tó ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Ní 2023, àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò kàn ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Etí omi, inú oko, ìdí títì, ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá bímọ, ẹ gbé e lọ láti ọjọ́ tí ẹ bí i, kí ẹ tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ní oṣù kẹsàn-án, àti ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tiyín tán kí ẹ ní ó parí. Obìnrin tó ń ta ẹja fún yín, ẹni tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn fún yín, mọ́là tó ń ṣọ́ géètì yín, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ọmọ wọn. Bí ẹ bá mọ orúkọ ọmọ, ẹ lè béèrè káàdì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, bí òórùn ẹja bá wọlé, ẹ sún, kí ìyá ọmọ ríbi jókòó. Bí a bá sì rán yín níṣẹ́ ẹrú, ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Mo ti fẹ̀yìn tì nísinsìnyí. Ìyá Ẹlẹ́ja ṣì ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣì ń ná ẹja, òun náà ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ la máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ègùn. Ó ní ẹnu mi kò tíì là. Àbúrò mi ń bá àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí etí omi nígbà tí àyè bá gbà á. Ní ọjọ́ kan mo ní kó sinmi, pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tó rọ náà, ó ní:

"Èyí gan-an ló ń mú mi dé ibi tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kò lè mú yín dé."